Jórinjórin Apo Tó Ń Bẹ̀rù Ilẹ̀ Tútù

Láti ọjọ́ tí Bàbá wa àgbà ti kú ni àwọn ènìyàn ti ń wá kí wa nílé ní Apo, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ. "Ẹni jẹ́jẹ́ ni Bàbá. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà rí." Ha! Bàbá wo? Ṣé Bàbá tèmi yìí, tí wọ́n lé oníbàárà sẹ́yìn nítorí aṣọ tó wọ̀? Tí wọ́n bá pásítọ̀ jà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì? Tí wọ́n bá ọmọ bíbí inú wọn jà débi pé wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ikú fi dé? Mo máa ń rẹ́rìn-ín fún àwọn àlejò, mo máa ń ní, "Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú ẹ̀ san án fún yín," ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ yẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n. Èmi Bùnmi, ọmọ ọmọ Bàbá, iṣẹ́ báńkì ni mò ń ṣe níhìn-ín ní Àbújá, n kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo ní ẹnu, ọ̀dọ̀ Bàbá náà ni mo sì ti jogún rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí. Ẹni tó le ni wọ́n. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà sì ni wọ́n.

Jórinjórin ni wọ́n. Ìsánlú ní ilẹ̀ Òkun ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọ́n gbé darúgbó. Ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Alhaji Sani tó ń kun ọkọ̀. Gẹ́ètì, irin ojú fèrèsé, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ohunkóhun tí irin bá ti já lára rẹ̀, wọ́n á jó o pọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ pé ó ń bà wọ́n lẹ́rù láyé, kì í sì í ṣe ikú tiwọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má lọ sin bàbá mi. Bàbá mi, Ṣẹ́gun, tí mò ń pè ní Dádì, ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí, iṣẹ́ irin jíjó yìí kan náà ni àwọn náà sì ń ṣe. Bí a bá ń gbàdúrà nílé, tó bá kan Bàbá, wọn kì í tọrọ owó, wọn kì í tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ kò ju èyí lọ: "Olúwa, jẹ́ kí Ṣẹ́gun ló máa sin mí." Ó parí nìyẹn, a ó sì ṣe àmín.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù wọn láàárọ̀, ẹ ó rò pé wọ́n sọ nǹkan nù ni. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ìjórin wà, wọ́n á tún lọ sí ẹ̀yìn, wọ́n á fọwọ́ kan ibẹ̀ náà. Wọ́n á wá mú wáyà, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin bí ìyá tó ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ibi tí ara wáyà bá ti bó, wọ́n á fi téèpù dúdú wé e dáadáa. Bí ilẹ̀ bá tutù, ó tán. Wọ́n á gbé pákó gbígbẹ kan sílẹ̀, wọ́n á jókòó lé e, wọ́n á káwọ́ gbera. Oníbàárà á máa bẹ̀bẹ̀, á ní, "Bàbá, ó ti gbẹ báyìí, ẹ wò ó." Bàbá ò ní wo ibẹ̀ rárá. "Fún ìwọ ló gbẹ. Ìwọ kọ́ lo máa dúró lórí ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ aṣọ tún wà ńbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù sún mọ́ wọn tí wọ́n bá ń jó irin. Wọ́n ní aṣọ ọ̀rá ni gbogbo wọn, pé bí iná bá ta sí i, kì í jó kó tán, ńṣe ló máa ń yọ́ mọ́ ènìyàn lára. Aṣọ òwú tó nípọn, apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, ni àwọn máa ń wọ̀ nínú ooru Àbújá yìí, tàwọn ti ìbọ̀wọ́ awọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan wá wo gẹ́ètì rẹ̀ pẹ̀lú kaftan tó ń dán yinrin. Bàbá dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ṣí ìbòjú wọn sókè, wọ́n ní, "Ẹ sànnu, sà. Ẹ padà sẹ́yìn." Ọkùnrin náà ní ṣebí iṣẹ́ òun lòun wá wò. Bàbá ní kó wò ó láti òdìkejì títì, pé ojú á rí i láti ibẹ̀. Inú bí ọkùnrin náà, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Alhaji Sani ń fi ẹ̀rín pa ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kai, Bàbá! Ẹ fẹ́ lé gbogbo oníbàárà wa lọ sí Kàdúná ni?" Bàbá fa ìbòjú wálẹ̀. "Ó máa rí gẹ́ètì mìíràn rà. Kò ní rí awọ rà."

Èmi náà ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ti ibi iṣẹ́ yà kí wọn lọ́jọ́ kan, mo wọ súútù mi, mo wọ bàtà gogoro, mo ṣe fínífíní. Kí n tó sọ pé "Ẹ kúuṣẹ́ sà," wọ́n ti ju kóòtù iṣẹ́ wọn lé mi léjìká, èyí tí òógùn àti òórùn irin ọdún pípẹ́ wà lára rẹ̀. Gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ń wò mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo aṣọ mi!" Wọ́n ní, "Mo rí i. Ìyẹn ni mo ṣe bò ó."

Ojú wọn ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, awò dúdú ọjà lásán, èyí tí àwọn oge ń lò, ni wọ́n fi ń jó irin. Bí alẹ́ bá lẹ́, ojú á máa ta wọ́n bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn àti ata sí i. Àwọn aládùúgbò á ní kí wọ́n gé ọ̀dùnkún tútù lé e, òmíràn á ní kí wọ́n tọrọ omi ọyàn lọ́wọ́ abiyamọ. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀, ojú ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí mo fi gbọ́njú, bí ẹni tó ń wo ayé láti inú èéfín ni wọ́n ń ríran. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ta tapólì yí ibi iṣẹ́ ká, kí àwọn tó ń kọjá má baà rí iná náà. Ẹni tó bá tún yọjú, ariwo ni. Mo yọjú rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo fi ìka bo ojú, mo ń yọ́ iná wò láàárín ìka. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbájú nígbà tí wọ́n pa iná. Wọn ò gbá mi. Wọ́n fi ìbòjú tiwọn sí mi lójú, wọ́n dì mí mú láti ẹ̀yìn, wọ́n ní kí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tan án kí n wò ó dáadáa. Gbogbo ayé ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ń rìn lórí irin jẹ́jẹ́. Wọ́n sọ sí mi létí pé, "Tèmi ti lọ síbi iṣẹ́ yìí. Fi tìẹ sílé."

Màmá, ìyàwó Bàbá, ló sọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá fún mi, nítorí Bàbá fúnra wọn ò sọ ọ́ rí. Kí wọ́n tó bí Dádì, Bàbá àti àbúrò wọn tó ń jẹ́ Káyọ̀dé ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kan gbé wọn lọ sí Kwali, wọ́n fẹ́ jó irin tí wọ́n máa gbé táńkì omi lé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Káyọ̀dé wọ sílípáàsì tó rin gbingbin, ó dúró sínú ẹrẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun tan ẹ̀rọ kí àwọn tètè ṣe é kí àwọn máa lọ. Bàbá tan án. Iṣẹ́ ò tíì jìnnà tí iná fi gbé Káyọ̀dé. Bàbá pariwo "Jésù!", wọ́n sáré dì mọ́ àbúrò wọn, iná gbé àwọn náà, ó jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n dìde, wọ́n tún pariwo Jésù, wọ́n tún sáré lọ dì mọ́ ọn. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ ló wá rántí ẹ̀rọ, tó pa á. Káyọ̀dé ti kú. Ìyá wọn ṣì wà láyé nígbà yẹn. Màmá ní obìnrin náà ò sunkún nígbà tí wọ́n gbé òkú dé. Ó kàn ń wo Bàbá. "Ìwọ lo tan án. Kí ló dé tí o ò pa á?"

Mo rò pé Bàbá ò rí èsì fún ìbéèrè yẹn títí wọ́n fi kú. Wọ́n kàn sọ ọ́ di òfin ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wọ́n á mú un lọ síwájú ẹ̀rọ, wọ́n á ní kó tan án, kó pa á, kó tan án, kó pa á, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ ibẹ̀ láìwo ibẹ̀. Wọ́n á wá ní, "Bí iná bá gbé ènìyàn, má fọwọ́ kàn án. Pa iná kí o tó pe Jésù." Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Bàbá àti pásítọ̀. Ẹnì kan lọ sọ fún un, ó sì fi ṣe ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, pé àwọn kan wà nínú ìjọ tí wọ́n gbọ́kàn lé ẹ̀rọ ju Olúwa lọ. Bàbá dúró dè é lábẹ́ igi nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní, "Bàbá, orúkọ Jésù lágbára ju iná lọ." Bàbá ní, "Mo mọ̀, sà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì." Pásítọ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n Màmá tó dúró tì wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa Bàbá láṣọ pé kí àwọn máa lọ. Bàbá ò lọ. "Jésù ò ní bínú tí mo bá kọ́kọ́ pa iná. Iná ló ń kánjú."

Ẹ wá gbọ́ ìjà tó kẹ́yìn. Dádì mọṣẹ́. Ọwọ́ wọn já fáfá ju ti Bàbá lọ, Bàbá gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Dádì kì í fẹ́ kí oníbàárà bínú, òjò kì í sì í dá wọn dúró. Ọ̀gá kan tó ní ilé ńlá ní Maitama fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, gẹ́ètì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró kí àlejò tó dé. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá ní ó di ọ̀la. Dádì gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n lọ. Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọ́n fọwọ́ fà mí, nítorí ìsinmi ilé ìwé ni, mo wà lọ́dọ̀ wọn, kí n lè máa bá wọn ka orúkọ títì. A wọ takisí. Wọ́n ń sọ fún awakọ̀ pé kó yára.

A bá Dádì nínú omi. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, bàtà kànfáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, wáyà ẹ̀rọ náà nà gbalaja sínú omi yẹn kan náà. Ọ̀gá onílé dúró lábẹ́ òrùlé pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Bàbá ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ tààrà sídìí jẹnẹrétọ̀, wọ́n pa á. Wọ́n wá mú pílíyà nínú àpótí Dádì, wọ́n fa wáyà jáde nínú omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Dádì pariwo, "Bàbá! Ẹ ń dójú tì mí níwájú oníbàárà!" Bàbá ń gé e lọ. Ọ̀gá onílé bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹnì kan bá òun wá wẹ́dà gidi wá. Mo rí ojú Dádì nígbà tí ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀. Bàbá ju pílíyà sílẹ̀. "Wáyà lásán ni mo gé. Mo lè ra òmíràn."

Dádì ò padà sí ṣọ́ọ̀bù Apo mọ́. Wọ́n lọ gba àyè tiwọn ní Kwali. Kwali! Nínú gbogbo ilẹ̀ Àbújá! Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bó bá di Kérésì, Dádì á wá kí Màmá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá láìsọ ohun kankan, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ. Gbogbo ènìyàn ló bẹ Bàbá pé kí wọ́n pe ọmọ wọn, kí wọ́n pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Alhaji Sani fúnra wọn kúnlẹ̀. "Kai, Bàbá, haba! Ọmọ yín ni. Kí ló ṣe yín?" Bàbá gbé Alhaji dìde. "Ẹ jẹ́ kó máa bínú, Alhaji. Ẹni tó ń bínú wà láàyè."

Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú Alhaji. Èmi ni mo mọ bó ṣe ń ṣe wọ́n tí òjò bá ṣú. Wọ́n á pè mí ní báńkì, oníbàárà á wà níwájú mi, wọn ò ní bi mí pé ṣé ara le. "Pè é. Bi í bóyá ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀. Má sọ pé èmi ni." Mà á pe Dádì. Mà á ní, "Ẹ káàsán sà, ṣé ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀?" Dádì á pòṣé. "Sọ fún wọn pé ilẹ̀ gbẹ." Mo di aṣojú láàárín ìjọba méjì, wọn ò sì san owó kankan fún mi. Mo máa ń kígbe mọ́ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n fi fóònù tiwọn pe ara wọn, ṣé fóònù ń jẹni ni? Nígbà mìíràn, mo máa ń gbọ́ bí òjò ṣe ń lu páànù gbàgbàgbà lẹ́yìn ohùn Dádì, tí wọ́n sì ń sọ pé ilẹ̀ gbẹ. Bí mo bá jíṣẹ́ fún Bàbá, wọ́n á ní, "Ó gbé fóònù, àbí? Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ní ọdún tó kọjá, ó ṣe sáà kan tí Dádì ò gbé fóònù. Wọ́n ní fóònù ló bàjẹ́. Nígbà tí Kérésì dé, wọn ò wá. Wọ́n fi iṣu rán awakọ̀ kan. Bàbá na ọwọ́ kan iṣu náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n kàn ní kí Màmá gún un.

Èémí ló pa wọ́n. Wọ́n bo ojú, wọ́n bo ọwọ́, wọ́n bo ẹsẹ̀, wọn ò bo imú, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn nígbà èwe wọn pé èéfín irin náà ń pa ènìyàn. Dókítà ní àyà wọn ti kún fún un. Mo bínú sí gbogbo ayé lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ṣọ́ ilẹ̀kùn iwájú, ẹ̀yìn ilé ni ewu gbà wọlé! Mo pe Dádì, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo tún pè, wọ́n tún ní àwọn ń bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá ṣí ojú lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

"Ṣẹ́gun ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Kwali, sà."

"Ṣé ó ṣì ń bínú?"

Ọ̀rọ̀ Dádì ti sú mi pátápátá. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ṣì ń bínú gan-an."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti ń ronú pé bóyá wọn ò gbọ́ ohun tí mo sọ. "Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó yé wa lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

A gbé wọn lọ sí Ìsánlú. Dádì dé lọ́jọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, wọ́n wọ kaftan, wọ́n ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò. Bí wọ́n ṣe ń kí àwọn ènìyàn, ọwọ́ wà nínú àpò. Mo rò pé ìgbéraga ni. Mo gbé iyán wá fún wọn ní yàrá. Wọ́n ní kí n bá wọn wá ṣíbí. Mo ní, "Ṣíbí kẹ̀? Iyán ni mo gbé wá, Dádì! Ọmọ Òkun wo ló ń fi ṣíbí jẹ iyán?" Wọ́n wo ilẹ̀kùn bóyá ó tì, wọ́n wá yọ ọwọ́ náà jáde.

Ìka méjì ò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó kù ti ká kò, awọ rẹ̀ rí rẹ́súrẹ́sú bí ọ̀rá tó yọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn.

Wọ́n sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Sáà tí wọ́n ní fóònù bàjẹ́ yẹn ni. Òjò rọ̀, wọ́n ní kí àwọn kàn yára fa wáyà mọ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ wọn tutù, iná gbé wọn, ìka sì há mọ́ ibẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta kókó, ògì gbígbóná, lẹ́bàá ọ̀nà ló sáré lọ pa iná. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ìka méjì kúrò.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò wá sílé? Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí Bàbá kú kí ẹ tó dé?"

"Bùnmi, inú ò bí mi mọ́. Ó ti pẹ́ tí ìbínú ti tán nínú mi."

"Kí ló wá dé?"

"Tí mo bá dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fẹ́ fà mí dìde. Ojú wọn lè má rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn á mọ̀. Ẹ̀rù irú ọjọ́ tí iná gbé mi yẹn ló ti ń bà wọ́n bọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Mo ní kí wọ́n kúkú rò pé mò ń bínú."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n dì mọ́ wọn ni àbí kí n pariwo. Títí di òní, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Bàbá gbà pé ìbínú ni òògùn tó ń dá ọmọ wọn sí, wọ́n sì fi ẹ̀rín kú lé e lórí. Irọ́ ni. Kì í ṣe ìbínú ló dá Dádì sí. Oníkókó ni, ẹni tí Bàbá ò mọ̀ rí, tó mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Mo máa ń bi ara mi pé, ká ní mo ti mọ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ni ǹ bá sọ nígbà tí wọ́n bi mí?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sọ pósí kalẹ̀ sínú sàréè lẹ́yìn ilé. Pásítọ̀ ka Bíbélì, ó ní kí ọmọkùnrin olóògbé wá da yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo ẹbí yí ká, Alhaji Sani náà wá láti Àbújá, wọ́n dúró tì wá. Dádì bọ́ síwájú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún jáde díẹ̀ nínú àpò, Màmá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì rí i. Màmá fa ìborùn wọn yọ, wọ́n fi wé ọwọ́ náà kíákíá, wọ́n dì í mú ṣinṣin mọ́ àyà wọn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó wà nínú sàréè rí i. Dádì wá na ọwọ́ òsì, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀.

Ariwo sọ. Àgbàlagbà kan nínú ẹbí ké pé, "Ọwọ́ ọ̀tún! Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń ṣe é!" Mo gbọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn mi tó ní, "Ẹ rí i? Ó bínú dé ojú sàréè. Ó ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀." Dádì dúró, yẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò lè jù ú, wọn ò lè dà á nù. Omi ń dà lójú wọn.

Màmá ò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọn ò tú ìborùn náà. Inú sàréè ni wọ́n kọjú sí, wọ́n sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́:

"Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣẹ́gun ló ń sin yín."